Pèrègún Leah Nínú Igbó Ìjọba

Bàbá Leah, ọkọ mi, ẹ kú ilé o. Ọláníkẹ́ ọmọ ọmọ wa ló ń bá mi kọ èyí láti Ìwópin. Ṣé ẹsẹ̀ yín tó wú ti ń rọlẹ̀? Èmi le koko, ẹja tútù ni mò ń jẹ!

Mo ti lọ sínú igbó tíjọba gbà lọ́wọ́ wa. Wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gégi níbẹ̀ mọ́, wọ́n wá lànà fáwọn tó ń wá wòran. Igi kan wà níbẹ̀ tí ara ẹ̀ pupa bí osùn. Àwa mẹ́fà tá a jọ lọ nawọ́ yí i ká, ọwọ́ ò kanra! A rẹ́rìn-ín títí.

Mo wá pèrègún tí ẹ gbìn sórí sàréè Leah, àkọ́bí wa, nínú igbó yẹn, torí ẹ ní ọkàn yín ò ní balẹ̀ àfi tí mo bá fojú rí i. Àmọ́ wọ́n ti gbin pèrègún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn, lọ́tùn-ún lósì, títí dé etí odò. Sàréè náà ti tẹ́jú, mi ò mọ tiwa mọ́.

Gáàdì tó ń ṣọ́ igbó ní, "Ìyá, ẹ ṣe ń bá ewé sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni mò ń kí."

Gbogbo pèrègún náà ni mo kí, lọ́kọ̀ọ̀kan: "Leah, bàbá ẹ kí ẹ o." Nígbà tó yá, òun náà bá mi kí apá ọ̀tún.

Ọláníkẹ́ ní kí n sọ ti orúnkún mi. Kò sóhun tó ṣe orúnkún mi.

Ẹ bá mi kí Zipporah àti gbogbo ará ìjọ yòókù ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ máa jẹun o.

Èmi ìyàwó yín,
Ìyá Leah.