Ohun Tó Ń Dún Kó-kó-kó Lẹ́sẹ̀ Jíìpù Bàbá Yín

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun yó kí o tó jáde láàárọ̀? Olúwa ò ní jẹ́ kí ìròyìn burúkú ṣáájú lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àbúrò rẹ ti bímọ obìnrin, tìyá tọmọ ló wà ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí jíìpù tí o rà fún bàbá yín fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́.

Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti ń dún kó-kó-kó bí a bá ti wọ kòtò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní kí ẹni náà wọlé, mo rò pé ẹnì kan ló ń kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bàbá yín ní irin iṣẹ́ abẹ́ àga ni. A kó irin jáde, ó ṣì ń dún. Wọ́n tún ní ṣọ́ọ̀kì ni, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa tọ bí ewúrẹ́. Wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ó ṣì ń dún. Ni wọ́n bá yí rédíò ọkọ̀ sókè, wọ́n ní ó ti tán.

Nígbà tí o ní kí n fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, mo lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo gbé fóònù sí i lẹ́nu, mo ní kó kí ọ, kó sọ ibi tó ń dùn ún. Kò fọhùn. Mo rò pé ojú ló ń tì í, àfi ìgbà tí télọ̀ tó wà lójúde wa ní ọkọ̀ tó dúró kì í dún. Tí o bá gbọ́ ikọ́ nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, èmi ni o.

Lọ́jọ́ tí ìrọbí mú àbúrò rẹ, bàbá yín ti mú kọ́kọ́rọ́. Mo ní ọkọ̀ yìí kò ní gbé ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ọsibítù yẹn. Wọ́n ní ariwo kì í pa èèyàn. Mo bá lọ dúró síwájú ọkọ̀, mo fẹ̀yìn tì í, mo ní, "Ẹ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kọjá." Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, n kò dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ yàrá lọ. Télọ̀ ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wa.

Bí a ṣe lọ tán, bàbá yín ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì pé kó wá jẹ́rìí sí i pé irọ́ ni mo ń pa. Mẹkáníìkì ló ròyìn fún mi. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó mi táyà sọ́tùn-ún sósì, kò dún. Ó wá ki irin bọ abẹ́ táyà, ó fi gbé e sókè, ló bá dún kó! Ó ní kí bàbá yín fọwọ́ kan oríkèé tó so táyà mọ́ ọkọ̀, ó sì ń mì lọ́wọ́ wọn bí eyín tó fẹ́ yọ. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni wọ́n ń pè é. Má bi mí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọbẹ̀, mo bi mẹkáníìkì, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ká ní wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, oríkèé yẹn lè yọ, kí táyà ká sábẹ́ ọkọ̀.

Bàbá yín fẹsẹ̀ rìn wá sí ọsibítù, eruku bò wọ́n dé orúnkún. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní, "Ìyá àwọn ọmọ, o ṣé tí o ò kúrò lọ́nà." Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ sínú dè wọ́n, mo gbé e jù sílẹ̀, mo fi etí ìró mi nu eruku ẹsẹ̀ wọn.

Mẹkáníìkì ní ká ra tọ̀tún tòsì, torí bí ọ̀kan bá ti jẹ, èkejì ò ní pẹ́. Jọ̀ọ́, fowó rẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún aṣọ òtútù ọmọ. Má fi í ránṣẹ́ lálẹ́ o, báńkì á ti tilẹ̀kùn, n ò fẹ́ kí owó sùn síta.

Ẹni tí yóò dúró fún ọ lọ́jọ́ ìṣòro kò ní jìnnà sí ọ. Wàá dàgbà, wàá gbé ọmọ ọmọ tìrẹ náà pọ̀n.

Èmi ni, ìyá rẹ.