Ìwé Ìhágún Hadassah lórí Ẹrù Ìyàwó àti Iná Mọ́tò Tó Ń Wo Ilẹ̀

Èmi, Hadassah Modúpẹ́olúwa Afọláyan, tí wọ́n bí sí ilé Ọláníyọnu ní Ẹ̀pẹ́, Ṣàgámù, tí mo di ìyàwó Ìfẹ́dayọ̀ Afọláyan ní Ìkẹ́nnẹ́ lóṣù tó kọjá, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ara mi le, àyàfi orúnkún òsì tó ṣì wú. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi kọ ọ́. Ṣe ni wọ́n ní kí n má kọ ọ́, pé ìyàwó tuntun kì í hágún. Inú mi ń dùn débi pé mo ń kọrin bí mo bá ń fọ abọ́, n kò sì fẹ́ kú. Ìdí tí mo fi ń bínú nìyẹn.

Àwọn tí mo yàn láti mú un ṣẹ ni Àǹtí Deborah Ọláníyọnu, àbúrò bàbá mi, àti Alàgbà Fábíyìí ti ìjọ wa.

1. Yàrá méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ mi ni mo fún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kò tíì pẹ́ pọ̀. Ọkùnrin tó pọ̀n mí jáde nínú gọ́tà tẹkúntẹkún, tí kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wo mọ́tò, ó ti tó ọkọ.

2. Maṣíìnì ìránṣọ mi, Lydia àbúrò mi ni mo fún. Kí ó máa kán òróró sí i. Sísọ́ọ̀sì ńlá tó ní òun kò rí, mo mọ ibi tó wà. Mo fi ta á lọ́rẹ, kí ìjà yẹn parí.

3. Ìkòkò, àwo, odó àti àpótí aṣọ, gbogbo ẹrù ìyàwó mi, kí ó padà sọ́dọ̀ Àǹtí Deborah tó ra èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kí ẹyọ kan má kù sílé Afọláyan. Wọ́n ti fi ẹrù náà bú mi tó.

Kí ẹ lè mọ òótọ́: Bọ̀dá Lásúnkànmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni wọ́n wa mọ́tò àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ wá kó ẹrù mi lọ́jọ́ Ẹtì tí mo ń lọ sílé ọkọ. (Ìyàwó ilé ni mí, n kò fẹnu pe orúkọ wọn rí, ìwé yìí ló sọ ọ́ di dandan.) Ẹrù kún búùtù títí ẹ̀yìn mọ́tò fi jókòó, imú rẹ̀ sì gbé sókè. Iná iwájú wá ń tàn sórí igi. Wọ́n yà sọ́dọ̀ Fàtáì, tó ń tún iná mọ́tò ṣe nítòsí ìkóríta Ṣàgámù, pé kí ó fa ojú iná wálẹ̀. Mo ní kí a kọ́kọ́ já ẹrù. Wọ́n ní oòrùn ń wọ̀, Sábáàtì ń wọlé, ìyàwó tí a kò tíì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kọ́ àgbà ní mọ́tò. Fàtáì rẹ́rìn-ín, ó sì yí síkúrù.

Nígbà tí a já ẹrù, imú mọ́tò wálẹ̀, iná sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bọ̀dá fẹ́ yí síkúrù padà. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́, ó kán. Wọ́n ká páálí, wọ́n fi ti iná náà sókè, wọ́n ní ó ti bọ́ sí i. Nígbà tí ọkọ mi ń wa èmi àti ara rẹ̀ bọ̀ láti Irolu ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, mọ́tò kó sí kòtò kan, páálí sì já bọ́. Iwájú táyà nìkan la ń rí títí a fi bá ara wa nínú gọ́tà.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá sọ lójú gbogbo ẹbí pé ẹsẹ̀ ìyàwó yìí kò dára, pé ẹrù rẹ̀ ló ba mọ́tò jẹ́. Ìyá ọkọ mi dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju orúnkún lọ.

4. Bọ̀dá Lásúnkànmí ni mo fún ní páálí náà. Mo ṣà á nínú koríko. Ó wà nínú báàgì mi. Kí ẹ fún wọn ní gbangba. Bí mo bá kú sínú mọ́tò yẹn, kí wọ́n má dárúkọ ẹsẹ̀ mi létí sàréè. Kí Alàgbà ka ìpín yìí sókè ju àwọn tó kù lọ.

5. Ìborùn funfun tí mo fi ṣègbéyàwó, ìyá ọkọ mi ni mo fún. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ń bínú sí wọn, mo sì fẹ́ràn wọn.

6. Ewúrẹ́ tí ẹgbẹ́ akọrin fi ta mí lọ́rẹ, ẹnikẹ́ni kò ní í jogún rẹ̀. Ìpín yìí nìkan ni kò gbọdọ̀ dúró de ikú mi. Bí oòrùn bá wọ̀ ní Sátidé yìí, ọkọ mi tún fẹ́ wa mọ́tò yẹn lọ kọ́ àwọn akọrin ní Irolu. Ó ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, màá sì jókòó. Nítorí náà, Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ewúrẹ́ náà lọ́la kí Sábáàtì tó wọlé. Ẹ fi owó rẹ̀ ra odindi iná iwájú tuntun, kí Fàtáì sì dè é nígbà tí búùtù bá ṣófo. Kí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi rí i fúnra yín pé ìmọ́lẹ̀ dé ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ lè ti ìwé yìí bọ ìsàlẹ̀ àpótí yín, kí ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, ọdún 1994, níwájú àwọn méjì tí n kò pín nǹkan kan fún:

Hadassah M. Afọláyan

Ẹlẹ́rìí: Oyèṣọlá Táíwò, olùkọ́, Ìpẹ̀rú
Ẹlẹ́rìí: Asher Ìyàndá, díákónì, Ìkẹ́nnẹ́