Ilé Rẹ àti Ọpọlọ Ẹ̀rọ tí A Gbé Bọ̀ láti Kiev

                                        Ilé Ìyá Munawwarah,
                                        Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà ńlá,
                                        Manigri, Bassila.
                                        16 oṣù Kẹta, 2025.

Zouléha, Ìyá Razak, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ààwẹ̀, o kú ìrọ́jú. Báwo ni orúnkún rẹ? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ Razak ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn lọ́sàn-án? Mo nírètí pé afẹ́fẹ́ òkun Cotonou kò tíì mú ọ gbàgbé bí eruku Manigri ṣe ń rí lẹ́nu. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Munawwarah pè mí láti Abidjan lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní kí n kí ọ.

Kajú ti ń já bọ́, gbogbo ènìyàn ti wà lóko láti òwúrọ̀, àdúgbò wa sì dákẹ́ rọ́rọ́. Tí àkókò ìṣínu bá tó, mo máa ń gbé ẹ̀kọ mi sí ẹnu ọ̀nà, mo máa ń wo ilé rẹ tí ó wà ní títì. Mo sì máa ń po ẹ̀kọ náà pọ̀ jù. Ọwọ́ mi kò tíì mọ bí a ṣe ń po ti ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ ilé yẹn gan-an ni mo fi ń kọ̀wé. Lọ́jọ́ Àlàmísì, Razak dé pẹ̀lú Aboubakar, oníṣòwò kajú kan láti Pénéssoulou. Mo rò pé o wà nínú ọkọ̀. Mo ti tẹ́ ẹní, mo ti ń wá bàtà mi. Razak kí mi dáadáa, ó wá ní, “Tántì, Màmá ò lè wá. Aboubakar ló fẹ́ ra ilé, mo mú un wá wò ó ni.” Aboubakar ní tirẹ̀ kò fi nǹkan kan pa mọ́: inú yàrá ni àpò kajú yóò wà, yóò sì mọ odi sáàárín ilé rẹ àti tèmi kí ewúrẹ́ mi má baà ba ọjà òun jẹ́. Èmi tí n kò ní ewúrẹ́!

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde kí Aboubakar lè rí bí yàrá ṣe fẹ̀ tó. Razak gbé páálí kan tí ikán ti jẹ, ó ní ìdọ̀tí ni. Mo yọjú sínú rẹ̀, mo sì kígbe. Pátákó kọ̀ǹpútà wa ni, ọpọlọ ẹ̀rọ Rọ́ṣíà, ṣíìpù dúdú tó ń bá a ṣírò, ṣì dúró lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ ohun tí ó fẹ́ sọ nù, mo bá fi í jókòó. Mo ṣàlàyé fún un pé nígbà tí àwa ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Kiev, Amẹ́ríkà kì í fẹ́ ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Àwọn ará ibẹ̀ á wá ẹyọ kan gba ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á fi ásíìdì ṣí i, wọ́n á ya fọ́tò inú rẹ̀ ní ipele-ipele, wọ́n á sì ṣe irú rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ń jẹ́ 8080, tiwọn ń jẹ́ KR580. Ìjọba ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ fún ti Amẹ́ríkà lè ṣeé lò lórí tiwọn. O rántí bí ó ṣe máa ń dun àwọn olùkọ́ wa, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe láìwo ti ẹlòmíràn. Kí wọ́n sì tó wò ó ṣe tán, àwọn ará Amẹ́ríkà ti lọ jìnnà.

Razak ń wo fóònù rẹ̀. Ó ní, “Tántì, olè nìyẹn ṣá.”

Mo wá sọ ti ẹsẹ̀ fún un, àwọn irin tín-ín-rín tí ọpọlọ ẹ̀rọ fi ń wọ ihò ara pátákó. Ìwọ lo ra ọpọlọ Rọ́ṣíà náà lọ́jà àwọn onírédíò, pé kí a fi rọ́pò ti Amẹ́ríkà tó jóná lórí pátákó tí ọmọ Àlìjéríà tí a jọ wà ní kíláàsì fún wa. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ogójì ẹsẹ̀ ni àwọn méjèèjì ní. A tì í, kò wọlé. Íǹṣì ni Amẹ́ríkà fi wọn àlàfo ẹsẹ̀ tiwọn, mìlímítà ni Rọ́ṣíà fi wọn tiwọn. Ìyàtọ̀ náà kò ju irun lọ, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń lọ ló ń pọ̀ sí i, tí ẹsẹ̀ ìparí fi dúró sétí ihò. O ní irọ́ ni, o fi eyín tẹ̀ wọ́n, ọ̀kan sì dá mọ́ ọ lẹ́nu! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Razak kàn ń wò mí. Ní gbogbo Bassila, kò sí ẹni tí ó lè bá mi rẹ́rìn-ín yẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo nu eruku rẹ̀. Wáyà pupa tí o fi òjé jó mọ́ kùkùté ẹsẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo so ó mọ́ iná, ó tàn. Mo ní kí ó fi mẹ́ta kún mẹ́rin, àwọn iná kéékèèké tó wà lára pátákó náà sì dáhùn pé méje. Mo yíjú láti sọ fún ọ. Zouléha, mo sunkún bí ọmọdé.

Àdéhùn wa ńkọ́? A ní Manigri ni a ó darúgbó sí, ìdí nìyẹn tí a kò fi mọ odi. Mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn ọ́, dókítà sì wà nítòsí rẹ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ogún, méjì péré ni wá. Ó dùn mí pé kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ títa ilé náà.

Bá mi kí Razak, inú kò bí mi sí i. Kí ìyàwó rẹ̀, kí o sì fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi.

Ó ku nǹkan kan. Aboubakar padà wá lánàá. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan ni Razak ń dúró dè, ó wá bi mí bóyá mo mọ ohun tí o máa sọ. Mo wo ojú rẹ̀ koko, mo ní o ti ń di ẹrù, pé o ó dé kí ọdún Ìtúnu tó pé. Ó kí mi, ó sì lọ. Irọ́ ni mo pa yẹn, Zouléha, tààwẹ̀-tààwẹ̀ lẹ́nu. Jọ̀wọ́, wá sọ ọ́ di òtítọ́.

Èmi ni, aládùúgbò rẹ síbẹ̀,
Raïhanatou