Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Pe Àgbà Wá Jẹun

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Atlanta níbí. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn. Mo gbọ́ pé owó tí mo fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Òtútù ti dé. Láti Lithonia tí mo ń gbé, lẹ́bàá Atlanta, ni mo ti ń wakọ̀ lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní College Park, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń padà wá sùn. Láti ìgbà tí Bàbá ti jáde láyé, mi ò sunkún, mi ò rẹ́rìn-ín. Ara mi kú bí ẹnu ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀.

Màmá kan wà níbi iṣẹ́ wa, ará Hong Kong, tí kò gbọ́ ju Kantoníìsì, èdè ilé wọn, lọ. Wọn ò jẹun. Nọ́ọ̀sì ní tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọsibítù ni wọ́n máa gbé wọn lọ, kí wọ́n ti rọ́bà oúnjẹ bọ̀ wọ́n nímú. Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ mi, mi ò lè bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi. Mo ní kí fóònù wá ọ̀rọ̀ tó lọ́wọ̀ jù tí wọ́n fi ń ní kí àgbà jẹun fún mi. "Yùng-sìn" ló gbé wá. Láràárọ̀, mo máa tẹrí ba, màá sọ ọ́. Màmá á jókòó ṣánṣán, wọ́n á dúpẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kan ṣíbí.

Ọmọ wọn obìnrin wá ní Sátidé, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọ̀rọ̀ inú ìwé àti ti òtẹ́ẹ̀lì ńlá nìyẹn, pé ìyá òun rò pé aláṣẹ kan ni mí, ojú sì ń tì wọ́n láti jẹun níwájú mi. Nínú ilé, "sìk-fàn", ìyẹn "wá jẹun", ni tọmọdé tàgbà ń sọ, kò sí àfojúdi níbẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá wò mí, wọ́n fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì kí n jókòó, wọ́n sì jẹ ìdajì abọ́ ìrẹsì. Inú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ dùn. Èmi ò mọ nǹkan kan lára.

Ojú ọ̀nà ni mo ti rántí pé Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ní ẹ kì í jẹun mọ́, pé aṣọ ti ń ṣò yín lára. Ẹ̀rù bà mí, Màámi. Tí mo bá pè yín, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ni, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ̀yin náà á ní àmín, ẹ ó ṣàdúrà fún mi, a ó gbé fóònù sílẹ̀. Bí àlejò ṣe ń ṣe síra wọn nìyẹn.

Tí mo bá pè lọ́jọ́ Àìkú, ohun tí ẹ jẹ ni màá bi yín. Tí ẹ ò bá jẹ nǹkan kan, ẹ sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò tíì jẹun láti àná.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ilé má dahoro. Ẹ kí gbogbo ará ilé àti àwọn aládùúgbò. Mi ò fẹ́ pàdánù ẹ̀yin náà.

Ọmọ yín,
Títílayọ̀