Ọkàn Ìyá Rẹ Ti Súnkì

Ìyá Kékeré, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àna mi ńkọ́, ṣé ó ń jẹun, àbí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti gba ebi lọ́wọ́ ẹ̀? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ẹ̀yin méjèèjì nínú ìlera. Èmi náà ń bẹ, mo sì ń bẹ dáadáa.

Àná ni mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ọkàn. O mọ̀ pé látìgbà tí dókítà ti ní ọkàn mi fẹ̀ jù, pé ó ti dẹ̀ bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò tó gbó, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́, ni wọ́n ti ní n ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan máṣíìnì ìránṣọ mi. Oṣù mẹ́fà gbáko! Wọ́n ní bí àwòrán ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ò bá dára, àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tí á máa ṣọ́ ọkàn náà sí mi láyà. Mi ò sọ fún ẹ, àmọ́ ẹ̀rù bà mí gan-an. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ, tí mo ti ṣèlérí àtirán láti kékeré rẹ, tó wá di ti télọ̀ mìíràn, òun náà ń dùn mí wọra.

Obìnrin tó ń ya àwòrán ní kí n fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ó pa nǹkan tútù kan mọ́ mi láyà, ó ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ mí níhà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún. Mo rí ọkàn mi lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Obìnrin náà wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì, ó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Inú mi dùn sí i. Télọ̀ gidi kì í wọn aṣọ lẹ́ẹ̀kan kó gé e.

Ló bá ní, “Màmá, ó ti súnkì o! Sẹ̀ǹtímítà méje ni tẹ́lẹ̀, ó ti di márùn-ún àti ààbọ̀.” Yéè! Omi bọ́ lójú mi. Ta ni ò mọ̀ pé aṣọ tó bá ti súnkì ti bàjẹ́ nìyẹn? Mo figbe ta pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nà án padà!” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ó wá ṣàlàyé pé ọkàn tó fẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó súnkì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ̀ ọ́, ogún péré ló ń tì jáde tẹ́lẹ̀, ó ti lé ní ogójì báyìí. Bí ọgọ́ta sì ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ ń tì í jáde tán. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ni mo fi bò ó.

Dókítà ní kò sí pé à ń fi ẹ̀rọ sáyà mọ́, kí n ṣáà má fi oògùn ṣeré. Mo ní, “Máṣíìnì mi ńkọ́?” Ó ní wákàtí kan lójúmọ́, bó bá ti rẹ̀ mí kí n dìde. Ọmọ mi, ayọ̀ mi kún!

Nítorí náà, lọ gba aṣọ rẹ lọ́wọ́ télọ̀ yẹn. Sọ fún un pé ìyá ìyàwó ti gbádùn, kó má bínú.

Ilé tí o fẹ́ wọ̀ á tù ọ́ lára. Wàá fọwọ́ gbọmọ, wàá fẹ̀yìn pọ̀n ọ́n, ojú mi á sì rí i.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò tíì sú ọ.

Àfikún: Kí n tó jí láàárọ̀ yìí, bàbá rẹ ti nu máṣíìnì náà, ó ti ta epo sí i, ó ti gbé e sídìí fèrèsé. Bàbá rẹ yìí kan náà tó máa ń ní ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kóun gbọ́ rédíò! Ó jókòó tì í, ó ní kí n rán nǹkan, ohun yòówù kó jẹ́, kóun ṣáà gbọ́.