Káàdì Ọwọ́ Ọ̀tún

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí,
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kìíní, 1986.

Ọlágòkè, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọyẹ́ yìí o. Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ń le pẹ̀lú oyún? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró. Ara tiwa náà le díẹ̀. Inú wa ni kò dùn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láìfi bò.

Ìwé ńlá tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́, pẹ̀lú fọ́tò tí o ti wọ aṣọ oyè ọ̀mọ̀wé. Màmá ti gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀. Mo rí i pé o dárúkọ mi níwájú ìwé náà, pé o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, tíṣà Yétúndé, tó bá ọ gbé káàdì kiri ìlú. Jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún un tẹ̀, yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀.

Ṣé o rántí bí o ṣe kọ́ mi níṣẹ́ náà lọ́dún 1983? O ní ìjọba tó rán ọ níṣẹ́ fẹ́ mọ irú ìtọ́jú tí àwọn aráàlú ń fẹ́ fún aláboyún, pé bí a bá kàn bi wọ́n léèrè, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò ní àwọn ń fẹ́. Nítorí náà, káàdì méjì méjì la ó máa fi hàn wọ́n, kí wọ́n mú ọ̀kan. Káàdì pupa ni ọsibítù tó ní dókítà ní Àgọ́ Àmọ̀dù. Káàdì aláwọ̀ ewé ni ilé ìgbẹ̀bí wa níbí, tó ní nọ́ọ̀sì nìkan. Iye wákàtí tí ènìyàn yóò fi dúró àti bí oògùn yóò ṣe wà sí ń yí padà láti orí káàdì kan sí òmíràn. O ní bí kọ̀ǹpútà yunifásítì yín bá ti gbé ìdáhùn ọgọ́fà ènìyàn mì, yóò wọn ohun kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ èyí tó wúwo jù lọ́kàn wọn. Ó wú mi lórí, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà mi pé kí pupa máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi nígbà gbogbo, kí aláwọ̀ ewé wà ní òsì, kí n má baà ṣì wọ́n kọ. Ọlágòkè, ìwọ tí Màmá máa ń gbá lọ́wọ́ bí o bá fi òsì gba nǹkan! Ta ló ń na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà nílùú yìí? Láti ilé àkọ́kọ́ ni ojú ti ń tì mí. Ìyá Ràsáàkì kò tilẹ̀ wo àwòrán orí káàdì. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ yẹn ni kí o fún mi. Òsì kẹ̀?" Bàbá Jímọ̀ ní tirẹ̀ ṣàánú mi, ó yára gba tọ̀tún kí n lè sọ òsì kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gba pupa, pupa, pupa, èmi náà sì ń kọ ọ́.

Nígbà tí o wá kó fọ́ọ̀mù, mo sọ fún ọ. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ mọ bí yóò ṣe yọ irú ìyẹn kúrò." Irọ́ ni. Bí dókítà àti ọwọ́ ọ̀tún bá jọ ń rìn nígbà gbogbo, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú káàdì? Àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò rí i. Ìwọ náà rí i, o kàn ń kánjú àtigboyè ni. Èmi náà jẹ̀bi, nítorí mo dákẹ́.

Ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta ìwé rẹ sọ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wa ló yan dókítà ọ̀nà jíjìn ju nọ́ọ̀sì ìtòsí lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn tó rán ọ níṣẹ́ dì mú tí wọ́n fi ti ilé ìgbẹ̀bí wa lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì kó nọ́ọ̀sì lọ.

A kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mọ́ládé, àbúrò wa, fún ọ ní kíkún. Màmá ní kí a má ba ayọ̀ oyè rẹ jẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan nínú Oṣù Kẹsàn-án ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. A gbé e sínú píkọ́ọ̀pù Ràmọ́nì, láàárín àpò àgbàdo, a dorí kọ Àgọ́ Àmọ̀dù. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ sì rì sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti gba ọmọ náà, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Ọkùnrin ni. Kò ké. Mọ́ládé ń bi mí léraléra pé, "Ìyá Olúwaṣọlá, kí ló dé tí kò ké?" Mo tú ìborùn mi, mo fi wé ọmọ náà tojú torí.

Lẹ́tà rẹ sọ pé ìlú Kòmú ló kàn, pé káàdì kan náà ni ẹ ó gbé lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ya á. Lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ, kí o sọ fún wọn pé o ṣàṣìṣe, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí oyè rẹ yóò bá bá a lọ, kó máa lọ. Bí o kò bá sọ ọ́, èmi yóò wọkọ̀ wá, n ó sì sọ ọ́ lójú wọn, nítorí ọwọ́ mi ló gbé káàdì náà.

Síbẹ̀, ọmọ ìyá mi ni ọ́. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ilé rẹ. Ìyàwó rẹ yóò bí wẹ́rẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà, tí inú ń bí,
Yétúndé (Ìyá Olúwaṣọlá).

Àfikún: Mo tún gbé àwọn káàdì tó kù lọ́wọ́ mi jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò fi ọwọ́ kankan nà wọ́n sí ẹnikẹ́ni. Mo tẹ́ méjèèjì sórí ẹní, mo ń pààrọ̀ ipò wọn láti ilé dé ilé, mo sì jókòó jìnnà. Nínú ogójì obìnrin, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n mú aláwọ̀ ewé. Ìyá Ràsáàkì wà lára wọn. Mo kó ìdáhùn wọn àti àwọn káàdì sínú àpòòwé yìí kí o lè kó wọn fún kọ̀ǹpútà rẹ. Bí o bá kà wọ́n, aláwọ̀ ewé kan dín. Mọ́ládé ló mú un kẹ́yìn, n kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.