Bàbá Kì Í Yin Bíréèkì Ẹnikẹ́ni

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Láti òkè òkun níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Sàká tó ń bá yín kọ̀wé, mo kí àbúrò mi obìnrin nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìbà, mo kí àwọn ará oko wa ní Òkòkómáíkò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí n ó kọ̀wé sílé láìkí Bàbá. Ẹ ó ti mọ ìdí rẹ̀.

Mo ní kí oníwèé ìròyìn bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí gbogbo ilé tó ní ọmọ lókè òkun lè gbọ́ ọ. Bí ó bá dùn yín, ẹ forí jì mí. Inú mi ló bàjẹ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Òtútù ń pa wá, irin gáréèjì tutù débi pé ó ń jó mi lọ́wọ́. Mọ́tò kékeré aláìlórùlé tí àwọn ọmọ olówó fi ń sáré ni mo ń tún ṣe jù. Ọ̀kan wà lára wọn tí bíréèkì rẹ̀ dà mí láàmú. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á kàn máa rì, bí ìgbà tí a bá tẹ ẹrẹ̀ etí ọ̀sà wa ní Ọ̀jọ́, a ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Mo fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó ṣì ń rọ̀. Mo wá rí i pé họ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì rẹ̀ ló ń wú bí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ lọ ra èyí tí wọ́n fi wáyà hun lára, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe nǹkan mọ́tò eré ìje tà, torí àwọn tó ṣe mọ́tò náà fúnra wọn kò ní irú rẹ̀. Mo dè é mọ́ ọn, mo tẹ bíréèkì. Háà, Ìyá mi, ẹsẹ̀ kan nǹkan gidi!

Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún bí kò ṣe Bàbá? Bàbá tí wọ́n wa lọ́rì Èkó sí Abẹ́òkúta láìwọ bàtà, tí wọ́n ní ẹsẹ̀ tó bá wọ bàtà kì í gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Bíréèkì yòówù kí n tún ṣe, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ ṣùtì, wọ́n á ní, “Ṣé èyí náà lo pè ní bíréèkì?” N ó tún tú u palẹ̀. Inú mi kì í bàjẹ́, torí Bàbá kì í bá ẹni tí wọn ò kà sí jiyàn.

Mo kọ̀wé sí wọn, mo sì fi bàtà aláwọ pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́, irú èyí tí àwọn tó ń wa mọ́tò eré ìje ń wọ̀. Ìjà wọn ni mo ń wá. Èsì dé, ẹ ní Bàbá ní mo káre, ẹ ní bàtà náà bá wọn lẹ́sẹ̀ mu gan-an. Inú mi dùn débi pé mo ka lẹ́tà náà fún ẹni tó ni ọkọ̀, mo ní bàbá mi yìn mí. Ó yẹ kí n ti fura.

Ọkùnrin ará Ìbà kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló wá kí mi. Ó rò pé ẹ ti sọ fún mi. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi ní, “Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ Bàbá.” Mo bi í pé bàbá ta ni. Ó wo ojú mi, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní bóyá òun ló ṣì í gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sọ ọ́. Ó ní ìgbà òjò ni, ó ní ẹ ti ṣe fìdáù, ó ní èrò kún ilé wa. Nígbà òjò yẹn, n ò tíì ra bàtà náà.

Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò, kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ara yín láti gbá mọ́ra, èmi nìkan ló wà nínú yàrá yìí. Ìyá onílé mi rí ojú mi tó pọ́n, ó bi mí bóyá òtútù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ta ló wẹ̀ wọ́n, Ìyá mi? Ibo lẹ sin wọ́n sí? Ṣé wọ́n bèèrè mi? Bí wọn ò bá bèèrè, ẹ sọ fún mi pé wọn ò bèèrè. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kan nǹkan gidi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará oko àti ará ọ̀sà. Bàtà yẹn, ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí ó bá há a lẹ́sẹ̀, kó kọ ọ́ sí mi pé ó há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu Bàbá yìn mí mọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Làmídì.